Ta Ni Yóò Máa Pààrọ̀ Omi?

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ọwọ́ náà wà nínú omi títí dé ìgúnpá, ó ń fi kànìnkànìn fọ ara àpótí gíláàsì kan láti inú, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń yí ìka rẹ̀ ká bí ẹni ń bá a ṣeré. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gíláàsì tuntun tí mo gbé há abíyá, mo sì gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

"Ẹ̀yin onígíláàsì, ṣé ẹ máa wọlé ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ di ilẹ̀kùn?"

Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè. N kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹni tí nǹkan ti wù rí mọ bí àyà ṣe máa ń ṣe. Tèmi ń lù kì-kì-kì, mo sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ gíláàsì ni iṣẹ́ mi. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo ti kọ́ṣẹ́ parí, mo sì ti ní ìsọ̀ kékeré ti ara mi. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ náà pé kí n wá pààrọ̀ gíláàsì ilẹ̀kùn tó fọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, ìyẹn àwọn ẹja tí ènìyàn ń sìn sílé láti máa wò, tí a kì í jẹ. Bàbá ọmọbìnrin náà ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ẹ-Wọ̀n-Ọ́n-Ná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó ti wù kí owó rẹ pọ̀ tó, kò ní ta ẹja fún ọ láìmọ bí àpótí rẹ ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, àti ibi tí o máa gbé e sí. Tó bá sì wọn gbogbo rẹ̀ tán, ó ṣì ku ìbéèrè kan: "Ta ni yóò máa pààrọ̀ omi?" Ẹni tó bá sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni, á padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá dáhùn pé "èmi ni" ló ń gbé ẹja lọ.

Bí mo ṣe ń yọ gíláàsì tó fọ́ lọ́jọ́ náà, ó ń lé oníbàárà kan jáde. Obìnrin náà fẹ́ ra ẹja aláwọ̀ wúrà, kó lọ fi sínú abọ́ gíláàsì roboto orí tábìlì rẹ̀.

"Màdáámù, ẹja yìí máa tó àtẹ́lẹwọ́ yín tó bá dàgbà. Inú omi tó ń jẹun sí náà ló máa ṣu sí, ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa pa á. Ṣé ẹ̀yin lè sùn nínú àwo ọbẹ̀?"

"Bàbá, owó mi ni mo fẹ́ ná o."

"Ẹ lọ ná an síbòmíràn. Ẹ̀mí lèyí."

Obìnrin náà fìbínú jáde. Ọmọbìnrin náà mí kanlẹ̀.

"Bàbá, a ò ní jẹun lónìí náà nìyẹn."

"A máa jẹ. Kì í ṣe ẹja ṣáá."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Bàbá náà yíjú sí mi.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ìwọ náà ń sin ẹja ni?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti yọ ọwọ́ kúrò nínú omi, ó ń wò mí, ẹnu mi sì dáhùn kí orí mi tó gbọ́.

"Mo ní àpótí nílé, sà. Ẹja ni n kò tíì rí."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fi hàn án. Mo fẹ́ là wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà ṣe ń wò wọ́n ni wọ́n ń sún mọ́ ara wọn, títí ó fi jẹ́ pé búrẹ́dì kan péré ló lè gba àárín wọn. Kí n tó mọ̀, ó ti fa téèpù yọ lápò, ó ti wọn àárín ọwọ́ mi.

"Èyí mà kéré o," ó wí. "Lọ ronú. Tí o bá mọ ẹja tó lè gbé inú ẹ̀, padà wá sọ fún mi. Mi kì í yan ẹja fún ènìyàn. Ẹni tí kò bá lè yàn án kò lè sìn ín."

Padà wá! Mo gbọ́ ìyẹn bí ẹni gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú àwọn tó yege.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti gé àjákù gíláàsì tó wà ní ìsọ̀ mi, mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di àpótí, mo sì ti gbé e sójú fèrèsé yàrá mi. Bí bàbá náà ṣe wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Bí mo bá ṣe é tóbi jù bẹ́ẹ̀, á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Mo bu omi sí i. Mo jókòó tì í, mo ń wo omi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, inú mi sì ń dùn bíi ti ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún.

Mo padà lọ. Mo ní mo fẹ́ àwọn ẹja tín-ín-rín tí ara wọn ń tàn bí iná.

Ọmọbìnrin náà ló dá mi lóhùn lẹ́yìn káńtà, bàbá rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìwọ̀nyí kì í dá rìn. Tí ẹ bá mú ẹyọ kan, ìbẹ̀rù á pa á. Tí ẹ bá sì mú ọ̀wọ́ wọn, àyè á há."

"Ó dáa. Màá tún padà wá."

"A mọ̀," ó wí, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

Mo padà lọ. Mo ní mo fẹ́ àwọn onírù aláràbarà, tí ìrù wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

"Wọ́n ń bímọ," bàbá náà wí. "Wọn kì í yé, ààyè ọmọ ni wọ́n ń bí, bí eku. Kí o tó mọ̀, àpótí rẹ á ti di ọjà."

"Tí mo bá mú akọ nìkan ńkọ́, sà?"

"Wọ́n á máa lé ara wọn kiri. Níbi tó fẹ̀, ó dáa. Nínú búrẹ́dì tìrẹ yẹn, rárá."

Mo padà lọ nítorí àrọ̀ kékeré tó máa ń gbálẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Wọ́n ní òun náà fẹ́ ẹgbẹ́, ó sì fẹ́ ilẹ̀ tí á máa rìn. Mo padà lọ nítorí ẹja aláwọ̀ wúrà tó ṣì kéré bí èékánná. Bàbá náà kàn nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà tí màdáámù ọjọ́sí gbà jáde.

Láàárín ìrìn kan sí èkejì, n kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo gé gíláàsì fèrèsé oníbàárà kan kéré jù. Mo tún un gé, ó tún kéré. Ọkùnrin náà bi mí bóyá ara mi yá. Kí ni n bá wí fún un? Pé mo ń ronú ẹja ni?

Àbúrò bàbá náà obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun ní òdìkejì títì. Àǹtí Onídìrí ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tó yá, tó bá ti rí mi lókèèrè, á yọrí síta, kóòmù á wà lẹ́nu rẹ̀.

"Onígíláàsì! Ẹja wo ló tún kù nínú òkun?"

Àwọn tó ń ṣerun á bú sẹ́rìn-ín. Èmi á tẹrí ba, màá máa lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò dá ẹsẹ̀ mi dúró rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà sìn mí dé etí títì, ohun tí kò ṣe rí. Ó ti ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà.

"Ṣé kí n bi ọ́ ní nǹkan kan?"

"Bi mí."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"O kúkú mọ̀ ọ́n. Gíláàsì ni mò ń gé."

"Ẹni tó ń gé gíláàsì, tí àpótí ẹja rẹ̀ kéré, kí ni kò jẹ́ kó gé èyí tó tóbi?"

Ọkọ̀ kan ń kọjá. Mo dúró kó kọjá tán, kí n má baà pariwo sọ ọ́.

"Tí mo bá gé e, màá rí ẹja rà. Tí mo bá ti rí ẹja rà, kí ni màá tún máa wá ṣe níbí?"

Ó wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí o sọ ọ́. Mo ti fẹ́ máa rò pé ọ̀dẹ̀ ni ọ́."

"Ṣé ọ̀dẹ̀ kọ́ ni mí?"

"O ṣe díẹ̀ níbẹ̀."

Mo rìn délé láìmọ ọ̀nà tí mo gbà. Mo ṣáà mọ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò lọ kó ẹja, ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lẹ́yìn káńtà pẹ̀lú ọ̀rá tí omi kún inú rẹ̀. Ẹja kan ló wà níbẹ̀, pupa rẹ̀ dà bí ẹ̀jẹ̀, ìrù rẹ̀ sì fẹ̀ bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́.

"Ẹja oníjà nìyí," ó wí. "Òun ló lè gbé inú àpótí rẹ. Ó fẹ́ràn kó máa dá gbé. Tí o bá fi akọ bíi tirẹ̀ tì í, wọ́n á fa ara wọn ya."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá mọ̀ pé ẹja yìí ló tọ́ sí àpótí rẹ. Ó ti ń retí kí o dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní tà á àfi tó bá fojú ara rẹ̀ rí àpótí náà." Ó ti ọ̀rá náà sí mi lọ́wọ́. "Mú un lọ. Mo fẹ́ kí nǹkan tèmi kan wà lọ́dọ̀ rẹ."

Mo gbé e lọ bí ẹni gbé ẹyin. Mo tú u sínú àpótí ojú fèrèsé, ó na ìrù rẹ̀, yàrá mi sì yí padà lójú mi. Ó dà bí ẹni pé ọmọbìnrin náà ti wọlé.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹja náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Kò tíì kú. Á tiraka dé ojú omi, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á sì tún rì. N kò mọ ohun tó ṣe é. Omi mọ́, àpótí mọ́. Bàbá ọmọbìnrin náà ló mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ sì ti dé láti ìrìn àjò. Tí mo bá gbé ẹja náà lọ, àṣírí á tú pé ọmọ rẹ̀ mú ẹja láìgbàṣẹ, ó fún ọkùnrin tí kò ní ju yàrá kan lọ. Mo lè pàdánù ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí mo bá sì dákẹ́, ẹja á kú, kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Ẹja náà tún la ẹnu. Mo gbé àpótí náà lódindi, mo gbé e mọ́ àyà, mo sáré.

Omi ń dà sí mi lára. Àwọn ènìyàn ń yà fún mi lójú ọ̀nà. Ẹnì kan kígbe pé, "Onígíláàsì, ṣé iná ń jó ni?" Àǹtí Onídìrí jáde pẹ̀lú oníbàárà tó di ìlàjì orí rẹ̀. N kò dúró. Ẹsẹ̀ ni mo fi ta ilẹ̀kùn tí mo fi gíláàsì sí fúnra mi ṣí.

Bàbá náà wò mí, ó wo àpótí. Ó fi àwọ̀n kékeré gbé ẹja náà, ó gbé e sínú omi tó mọ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba, ó gbóòórùn igun àpótí mi.

"Kí lo fi lẹ̀ ẹ́?"

"Gọ́ọ̀mù, sà."

"Gọ́ọ̀mù wo?"

"Èyí tí a fi ń lẹ fèrèsé."

"Wọ́n po òògùn mọ́ ìyẹn kí igun fèrèsé má baà bu. Ohun tí kì í jẹ́ kí fèrèsé bu, ṣé ó máa dá ẹja sí?" Ó mi orí. "Onígíláàsì nìkan ló lè ṣe irú èyí. Ta ló ta ẹja yìí fún ọ?"

"N kò rà á, sà."

"O jí i?"

"Èmi ni mo fún un, Bàbá." Ọmọbìnrin náà ti jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bàbá náà fa téèpù yọ, ó wọn àpótí náà. Ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn.

"Bí ọwọ́ rẹ ṣe là lọ́jọ́ yẹn ló ṣe gùn. O ò ní àpótí kankan nílé. Ọmọ mi lò ń wò, o wá fi ẹja mi bojú." Ó nawọ́ sí ìta. "Máa lọ. Má padà wá títí màá fi ránṣẹ́ sí ọ."

Kò ránṣẹ́. Ọjọ́ ń lọ. Mo máa ń gba títì mìíràn lọ síbi iṣẹ́ kí n má baà rí ilẹ̀kùn yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí. Tí mo bá sọ ọ́ tán, màá tún máa tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀.

Ẹsẹ̀ Àǹtí Onídìrí ni mo gbọ́. Ó gbé dígí ńlá kan wọ ìsọ̀ mi.

"Dígí mi fọ́. Wá bá mi wò ó."

"Àǹtí, kò fọ́ o."

"Á fọ́ tí o bá ń bá mi jiyàn." Ó jókòó. "Mo ti bá Bọ̀ọ̀dá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òpùrọ́ ni ọ́. Mo ní irọ́ wo ni, irọ́ tí kò ju búrẹ́dì lọ? Ó ní yàrá kan ṣoṣo lo ní. Mo ní nígbà tí òun fẹ́ ìyá ọmọ yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ṣé ààfin ló gbé e wọ̀? Ó dákẹ́. Tí Bọ̀ọ̀dá mi bá ti dákẹ́, ó ti gbọ́ nìyẹn."

"Àǹtí, ẹ ṣeun. Ẹja yẹn ńkọ́?"

"Ẹja wo?"

"Ẹja oníjà. Ṣé ó yè?"

Ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Hẹn-ẹn! Bọ̀ọ̀dá mi ló ní kí n fetí sílẹ̀ bóyá o máa bèèrè. Ó yè, jàre. Ó ń jẹun jù mí lọ. Gbálẹ̀ yàrá rẹ o, ó ń bọ̀ wá wò ó."

Bàbá náà wá lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Mo ti fọ ilẹ̀ títí ó fi ń yọ̀. Kò jókòó. Ó wọn gígùn yàrá, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wọn fèrèsé. Ó ń bi mí bó ṣe ń bi oníbàárà.

"Ibo ni oòrùn ń gbà wọlé?"

"Ibi yìí ni, sà."

"Afẹ́fẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn yín ni, sà."

"Tí òjò bá rọ̀?"

"Kì í jò, sà. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́."

"Pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó ń pa ẹja," ó wí. Ó dúró láàárín yàrá náà, ó wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì sọ ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ó kéré."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Àǹtí rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá, ẹja kọ́ ni mí."

"Mo sọ pé ẹja ni ọ́?"

"Ẹ̀ ń wọn yàrá fún mi bí ẹni pé ẹja ni mí. Ẹja ò lè sọ pé ibì kan ò tẹ́ òun lọ́rùn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń bá wọn sọ ọ́, ẹ sì ṣeun. Èmi lẹ́nu. Ẹ bi mí."

Mo rò pé á bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ṣé ó gbà ọ́?"

"Ó gbà mí."

"Tí kò bá wá gbà yín mọ́ ńkọ́?"

"Onígíláàsì ni, Bàbá. Á gé èyí tó tóbi."

Àǹtí Onídìrí bú sẹ́rìn-ín, ó di ilẹ̀kùn mú kó má baà ṣubú. Bàbá náà fi ìka rọra ká téèpù rẹ̀, ó fi sápò. Ó wá yíjú sí mi, mo sì mọ ìbéèrè náà kó tó la ẹnu.

"Ta ni yóò máa pààrọ̀ omi?"

"Èmi ni, sà."

"Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ọ́? Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí ọ?"

"Èmi ni, sà."

Ó fa gọ́ọ̀mù kan yọ, irú tí wọn kò po òògùn mọ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Tú àpótí rádaràda yẹn, kí o tún un lẹ̀. Ẹja rẹ ń dúró dè ọ́." Nígbà náà ló tó wo ọmọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, èyí tó dùn.

A fẹ́ ara wa kí ọdún náà tó parí. Yàrá kan di méjì, méjì di ilé. Mo gé àwọn àpótí tó tóbi fún un, títí kan èyí tó gba ògiri pálọ̀ kan tán, ó sì kó ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ sínú rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n àpótí kékeré yẹn kò kúrò lójú fèrèsé wa. Ẹja oníjà kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú rẹ̀. Wọn kì í pẹ́ láyé. Tí ọ̀kan bá lọ, ìyàwó mi á mú òmíràn wá.

Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni ó mú wá kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi tán, àwọn ọmọ kó àwọn àpótí ńlá lọ sílé wọn. Ọmọ wa obìnrin nawọ́ sí kékeré náà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n máa gbé èyí náà lọ. Ta ni yóò máa pààrọ̀ omi ẹ̀ fún yín?"

Kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bi mí bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí láyé nígbà náà.

"Èmi ni," mo wí.

Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo mú kànìnkànìn, mo ti ọwọ́ bọ omi. Ẹja náà na ìrù rẹ̀, ó sì wá ń yí ìka mi ká.